Ahọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀la ni ìjọ yóò jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, má wulẹ̀ lọ bi Pásítọ̀. Sáà gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Bí o bá gbọ́ tí ó ń pe orúkọ àwọn ènìyàn níkọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn, ọ̀la ni.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Ààrò oníbíríkì fara ti ògiri, tábìlì pákó gígùn kan sì wà láàárín. Ibi tí ó máa ń dúró sí nídìí tábìlì náà ti jẹ wọnú díẹ̀díẹ̀, débi pé bí ẹyin bá yí lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí. Lórí pẹpẹ tó wà lókè tábìlì ni ike funfun méjì wà, iyọ̀ lápá òsì, ṣúgà lápá ọ̀tún. Àwọn ike náà jọra bí ìbejì, kò sì kọ nǹkan kan sí wọn lára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ló ṣe ń dá wọn mọ̀, á ní, "Kí ni mo fẹ́ kọ? Ahọ́n mi mọ̀wé."

Láàárín ọ̀sẹ̀, búrẹ́dì títà ló ń ṣe. Búrẹ́dì tábìlì Olúwa yàtọ̀ sí ìyẹn. Kò ní ìwúkàrà, kò sì ní iyọ̀. Ìyẹ̀fun ni, àti omi, àti òróró díẹ̀, àti ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà kan nítorí àwọn arúgbó tí ẹnu wọn máa ń korò. Bí ó bá ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò já bíńtín nínú rẹ̀, yóò fi sẹ́nu, yóò dijú. Bí ó bá dùn mọ́ ọn, yóò ní "Àmín," yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Bí ó ti ń pò ó ni yóò máa dárúkọ àwọn tí yóò jẹ ẹ́: bàbá onítakisí tí ojú ń dùn, opó tó ń gbé lókè àtẹ̀gùn, ọmọkùnrin tó ti ń wá iṣẹ́ tipẹ́. Orúkọ kan, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan. Kò sí ẹni tí kì í kàn.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ̀rín ni, ẹkún sì ni. Ó ṣì jẹ́ ọmọge nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Kò tíì pẹ́ tí ó sin ìyá rẹ̀, kò sì mọ ẹnikẹ́ni nílùú náà ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kan, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n gbé búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó le bí èèpo igi. Ó fi eyín ọ̀tún gé e, ó kọ̀. Ó fi ti òsì, kò gbà. Ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀.

Pásítọ̀ ìgbà náà, bàbá arúgbó kan, rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e. Lẹ́yìn ìsìn, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, kí ni Olúwa ń bá ọ sọ?"

"Ẹ má bínú, sà," ni ọmọbìnrin náà wí, tí ó ń wo ilẹ̀. "Búrẹ́dì yẹn ni. Bí wọ́n bá gbé e fún ọ̀gá mi, á dà á fún adìẹ. Ṣé ohun tí a fi ń rántí Ẹni tó kú fún wa nìyẹn, sà?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Òótọ́ lo sọ," ó wí. "Ìwọ ni kó o máa ṣe é."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọge náà kúnlẹ̀ ti àpò ìyẹ̀fun, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́. "Olúwa, mi ò lówó. Mi ò ní ohùn orin. Bí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀ láwùjọ, orúnkún mi á máa lu ara wọn. Ọwọ́ mi nìkan ni mo ní. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láàyè, búrẹ́dì tábìlì rẹ kò ní ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá."

Ó sì dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣe é nígbà tó lóyún, ó ṣe é nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jóná, tí ó fi aṣọ wé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, wọ́n kúrò nílé, irun rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun tó ń pò, kò yẹ̀ ẹ́ rí.

Ni òtútù ńlá kan bá dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sídìí ààrò, ó ń retí kí òórùn búrẹ́dì wá pàdé rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé iná ti kú ni. Ìgbà tí ó fi ṣí ààrò, búrẹ́dì ti di èédú. Wọ́n ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Ní tirẹ̀, ohun tó bá imú ló bá ahọ́n. Ó tọ́ ata wò, ó dà bí omi. Ó tọ́ oyin wò, omi náà ni. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Onílọ́rì títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìntì. Ohun tó jẹ́ kó fi pamọ́ ni ìpàdé kan tí ìjọ ṣe kí òtútù náà tó mú un. Pásítọ̀ tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, sọ níbẹ̀ pé àwọn kan ń ta búrẹ́dì ìdàpọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ti dì sínú páálí. "Yóò dín wàhálà Màmá kù," ó wí.

Ìyá Akọrin, olórí àwọn akọrin, ló kọ́kọ́ dáhùn. Òun àti Ìyá Oníbúrẹ́dì ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́, tí wọ́n jọ ń jà, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun. "Ó dáa o!" ó wí. "Ó kéré tán, kò ní máa há mi lọ́fun kí n tó kọrin."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé, kò sì jáde. Pásítọ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná. Nísinsìnyí tí ahọ́n ti wá kú, ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè gbọ́, páálí ló kù. Ẹ̀jẹ́ òun ńkọ́?

Nítorí náà, ó ń fi ojú wo àwọ̀, ó ń fi ìka tẹ ara búrẹ́dì, ó ń fi etí gbọ́ ìró rẹ̀ bí ó bá gbá a nídìí. Búrẹ́dì títà ní ife tó fi ń wọn gbogbo nǹkan, ìyẹn kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń dọ́gbọ́n sí i bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó rí i pé ìyẹ̀fun ti kún orí pẹpẹ. Ó gbé ike méjèèjì sọ̀kalẹ̀, ó nu ibẹ̀ dáadáa, ó sì gbé wọn padà. Lọ́sàn-án, ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún bí ó ti máa ń ṣe, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó já díẹ̀ sẹ́nu, ó dijú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé bóyá búrẹ́dì náà yóò tẹ́ lẹ́nu àwọn arúgbó, ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kejì lé e. Ó ní "Àmín," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sí àyè rẹ̀ nítòsí ọwọ́ iwájú, níbi tí ó ti lè rí gbogbo ènìyàn. Èyí ni wákàtí tó fẹ́ràn jù láyé. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ. Ó di ojú rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó ṣí i. Àwọn ènìyàn rò pé àdúrà ọjọ́ náà jinlẹ̀ ni. Àwọn díákónì gbé àwo káàkiri. Bàbá onítakisí húkọ́. Opó orí àtẹ̀gùn fi aṣọ bo ẹnu. Ìyá Akọrin jẹ tirẹ̀, ó dúró, ó ranjú. Ó yí orí, ó wo Ìyá Oníbúrẹ́dì tààrà, ó tún yí orí padà, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí wáìnì dé, kò sí ẹni tó fi ẹ̀kán kan sílẹ̀ nínú ife.

Ìyá Oníbúrẹ́dì jẹ tirẹ̀. Omi lásán ni.

Lẹ́yìn ìsìn, ó rí ohun tí kò rí rí. Kò sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Gbogbo ìjọ, tọmọdé tàgbà, ló tò sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá sì ti mu tán, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o." Omi ṣì ń kán ní àgbọ̀n wọn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ nǹkan mìíràn.

Nílé, ọkọ rẹ̀ lọ tààrà sídìí ìkòkò omi. Ó mu ife kan, ó tún bu òmíràn.

"Bàbá, kí ló wà nínú búrẹ́dì yẹn?"

"Búrẹ́dì wo?"

"Ẹ má bá mi ṣeré, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé ife kalẹ̀. "Iyọ̀ ni."

"Ṣé ó pọ̀?"

"Ìyàwó mi, ṣebí wọ́n ní kí onígbàgbọ́ jẹ́ iyọ̀ fún aráyé. Lónìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé tiwa kò kún ojú òṣùwọ̀n." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpótí. "Mi ò mọ adùn nǹkan mọ́," ó wí. "Láti ìgbà òtútù yẹn ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Ta ló sọ fún yín?"

"Ọbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan kò ní ní iyọ̀ rárá. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹni bu omi òkun."

"Ẹ sì ń jẹ ẹ́? Ẹ sì ń ní ẹ ṣeun?"

Bàbá Onílọ́rì ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa bébà kékeré kan yọ tí wọ́n lọ́ lẹ́nu. Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. "Èyí wà fún ọjọ́ tí kò bá ní," ó wí. "Ọjọ́ tó bá pọ̀ jù, mo lómi. O ò sọ fún mi, mo bá rò pé o kò tíì fẹ́ kí n mọ̀ ni. Mò ń dúró dè ọ́."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n ọ́n. Ó sunkún nítorí búrẹ́dì, ó sunkún nítorí bébà kékeré yẹn pẹ̀lú. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọn kò tíì dìde tí ohùn kan fi dé láti ẹnu ọ̀nà. "Àgò onílé o! Ṣé omi ṣì wà nílé yìí, àbí Bàbá Onílọ́rì ti mu ún tán?"

Ìyá Akọrin ni. Bàbá Onílọ́rì kí i, ó kó àwọn ife, ó sì fọgbọ́n lọ sẹ́yìn ilé.

Ìyá Oníbúrẹ́dì nu ojú rẹ̀. "O wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ jókòó."

"Gbogbo yín ò lè sọ fún mi? Ìwọ gan-an, tí ẹnu rẹ kì í gbé nǹkan pa mọ́?"

"Mo fẹ́ pariwo," ni Ìyá Akọrin wí. "Mo yíjú láti wò ọ́. O jókòó síbẹ̀ bí ìyá tó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń jẹun. Ta ló fẹ́ ba ojú yẹn jẹ́? Mo bá gbé e mì."

Ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bá tú gbogbo rẹ̀ fún un: ti òtútù, ti ahọ́n, ti ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ nídìí àpò ìyẹ̀fun. "Ó ti parí," ó wí. "Ẹ lọ ra ti inú páálí yín. Ṣebí ìwọ náà lo ní ó dáa."

"Mo ń ṣàwàdà ni o!" Ìyá Akọrin wo ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Orin tí a kọ lónìí, ibi tó lọ sókè pátápátá nì, ta ló kọ ọ́?"

"Ìwọ ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Kì í ṣe èmi. Ọmọ aránṣọ tó máa ń dúró lẹ́yìn mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi kọ ọ́. Èmi kàn ń la ẹnu."

Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹjú mọ́ ọn. "Ẹnu tí o là tó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ẹnu lílà gan-an niṣẹ́! Ó máa ń rẹ̀ mí ju orin lọ."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí àpótí fi ń mì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Ìyá Akọrin ń fi ìka ká etí aṣọ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ohùn náà kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, mo sunkún nílé ìdáná. Mo ní, Ọlọ́run, ṣé bí yóò ṣe parí nìyí? Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi léèrè pé, ta gan-an ni mo fẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́? Ṣé orin ni, àbí èmi?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń gbọ́ ẹ̀jẹ́ tirẹ̀ lọ́kàn, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọwọ́ mi nìkan ni mo ní": ìyẹn, fún Olúwa ló sọ ọ́. "Kò ní ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá": ìyẹn ńkọ́? Kò sí ẹni tó ní kó fi ìyẹn kún un. Ọmọge tí ìyá rẹ̀ kú, tí kò ní ẹnì kan, ló fẹ́ ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò ní lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú ọmọge náà ṣe é.

Nígbà tí ìjọ pàdé fún ẹ̀kọ́ Bíbélì láàárín ọ̀sẹ̀, ó dìde. Orúnkún rẹ̀ ń lu ara wọn bí ti ìgbà èwe, ó sì di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú.

"Iyọ̀ tí ẹ jẹ lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni," ó wí. "Ahọ́n mi ti kú. Mo fi pamọ́ fún yín nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó gba iṣẹ́ náà. Mo wá rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tèmi tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ti inú páálí, mi ò ní bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ó sì jókòó.

Pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Màmá, lọ́jọ́ yẹn tí mo dijú, gbogbo ìjọ rò pé mò ń gbàdúrà. Òótọ́ ni. Omi ni mò ń tọrọ." Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbé e mì, mo rántí pé omijé náà níyọ̀ nínú. Mo ronú nípa ohun tí Olúwa wa jìyà ju bí mo ti máa ń ronú lọ. Ẹ jẹ́ ká fi páálí sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ta ló ní ahọ́n tó lè yá Màmá?"

Ìyá Akọrin na ọwọ́ sókè. "Èmi. Ohùn mi ti ń rebi àgbà ń rè, ọmọ aránṣọ ló ń kọ apá òkè bá mi, ẹ jẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi ṣì wà níbẹ̀."

Ọmọ aránṣọ wo ilẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Láti ẹ̀yìn, ohùn bàbá onítakisí jáde: "Ahọ́n tiyín? Ṣé ó sinmi rí ni?"

Nígbà tí Sátidé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tún dé, àwọn méjì ló wà nídìí tábìlì. Bàbá Onílọ́rì ti so okùn pupa mọ́ ọrùn ike iyọ̀, ó ta á ní kókó tí awakọ̀ fi ń de ẹrù. Ìyá Akọrin já ìyẹ̀fun pípò náà, ó fi sẹ́nu, ó dijú.

"Ó kù díẹ̀."

"Kí ló kù?"

"Mi ò tíì mọ̀. Jẹ́ n tún tọ́ ọ wò."

"Ó tó! Ìyẹ̀fun tútù ni, kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán."

"Ó dáa, ó ti pé. Àmín."

Ìyá Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, ó ń dárúkọ wọn: bàbá onítakisí, opó orí àtẹ̀gùn, ọmọkùnrin tó ń wá iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó dárúkọ kan tí Ìyá Akọrin kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú.

"Ṣé o máa ń dárúkọ mi níbí?" ni Ìyá Akọrin bi í, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Gbogbo ìgbà."

"Kódà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ páálí tí mo sọ?"

"Kódà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni mo fi pò ọ́ nígbà yẹn."

Wọ́n ti búrẹ́dì náà sínú ààrò, wọ́n jókòó tì í. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì rí i pé ọ̀rẹ́ òun gbé orí sókè, ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ojú rẹ̀ sì ń rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan.

"Ṣé ó ti ń jáde?" ó bi í.

"Ó ti ń jáde."

"Sọ fún mi bó ṣe rí."

Ìyá Akọrin fà á símú dáadáa, ó ronú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.